Ìka Kan ní Ìpàkọ́

Ní Ògìdì, níbi tí àpáta ti ga ju òrùlé lọ,
Ìyé ti na òfì mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn
kí n tó mọ bí a ṣe ń ka ọgọ́rùn-ún.
Òun ló kọ́ mi ní kíjìpá híhun. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Yóò jókòó sẹ́yìn mi lórí àpótí,
yóò máa yọ kóró lára òwú,
bí mo bá sì fo fọ́nrán kan,
kí ojú mi tó rí i,
ìka rẹ̀ ti kàn mí ní ìpàkọ́:
kò!
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Mo tú u. Mo tún un hun.

Mo bínú sí ìka yẹn títí.
Mo rò pé ìyà ni.

Ìgbà tí mo dé Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tún ara ṣe,
olùkọ́ wa, Arókòyọ̀ ọmọ Mọ̀pà,
gbé àwòrán kan kọ́ ara ògiri:
ọpọlọ kékeré tó sùn sí ìpàkọ́,
tó ṣẹ́ po bí aṣọ inú àpótí ìyàwó.
Ó ní, ẹ wo igi yìí. Pẹlẹbẹ ni, bí òfì.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ń dábùú kọjá láàárín ẹ̀ka rẹ̀,
wọ́n ń ròyìn: apá wà níbí,
ẹsẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ń yọ̀.
Ṣùgbọ́n okùn kan wà, ọ̀kan ṣoṣo,
tó ti ibi tí ọrùn ti pàdé orí gòkè wá,
tó lọ́ mọ́ igi náà bí ìtàkùn ara ìrókò.
Nígbà tí a wà ní ìkókó, okùn púpọ̀ ló ń du igi kan.
Wọ́n fà á, fà á, ọ̀kan ló kù.
Àwọn fọ́nrán yòókù ń pariwo bí ọjọ́ ọjà Kábà;
òun, bóyá ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìmí kan sí èkejì.
Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣìnà,
bí ẹsẹ̀ bá jìn sí kòtò tí a kò retí,
okùn náà a mi igi látòkè délẹ̀,
kò!
fọ́nrán tó tan ọwọ́ jẹ a sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.
Àwọn kan ní kì í ṣe àṣìṣe nìkan ló ń sọ,
ó ń ṣọ́ àkókò pẹ̀lú. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.
Arókòyọ̀ ní tòun, púpọ̀ nínú ìmọ̀ọ́ṣe
jẹ́ ohùn tí a ti pa.

Mo di ìpàkọ́ mi mú nínú kíláàsì.
Ẹni tó jókòó tì mí béèrè bóyá orí ń fọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ dì sí ìpàkọ́ Ìyé.
Ọwọ́ rẹ̀ kọjá ife kó tó padà wá bá ife.
Ẹ̀kọ dà sí i láyà.
Ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí odò Lọ́kọ́ja.
A lo ọ̀sẹ̀ méje ní Kábà. Nígbà tí mo gbé e padà dé Ògìdì,
àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń kí wa, “Òkun o, Òkun o.”
Okùn ni etí mi ń gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n gbé òun síwájú òfì.
Mo jókòó sórí àpótí, òwú lọ́wọ́ mi.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ìpàkọ́ ìyá mi dáadáa:
irun funfun, àpá kékeré kan tí n kò mọ ìtàn rẹ̀.
Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́.
Apasà bọ́. Ó he é. Ó fo fọ́nrán mẹ́ta.
Mi ò lè gbé ìka sórí ẹni tó bí mi.
Ó dúró. Kò bojú wẹ̀yìn.
“Ìyélolú, ṣé o ti sùn ni?
Kàn mí.”