Ewé Tí Pẹ̀lẹ́ Lè Jẹ

Pẹ̀lẹ́ jẹ pèrègún láàárọ̀ Àlàmísì.
Kí n tó ká ẹní tí mo fi kírun,
ó ti ń da itọ́ bí ọmọ tí eyín ń yọ,
ẹyinjú rẹ̀ fẹ̀, ó dúdú birikiti,
bí ẹni pé òru ṣẹ́kù sínú rẹ̀
nígbà tí oòrùn ti gun orí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, Pẹ̀lẹ́."
Ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ di ìkẹ́dùn lẹ́nu mi.

Agbọ̀n ẹja ni mo fi gbé e,
ọlọ́kadà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sáré sí i.
Dókítà Mútíátù yọ fọ́nrán ewé kan lẹ́nu rẹ̀,
ó gbé e sókè bí ẹni mú olè:
"Tíṣà, kí lẹ tún gbìn sílé?"

Mo kà á fún un bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì.
Ọ̀já ìkookò, lẹ́nu ọ̀nà.
"Ẹ gbé e jáde."
Etí erin tí mo fi ń pa ojú.
"Ẹ gbé e jáde."
Kókò aláràbarà tí àbúrò mi rà wá láti Ìkòròdú.
"Ìyẹn á ta á lẹ́nu bí ẹ̀sìsì. Ẹ ò ní lílì?"
Mo ní rárá.
Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má rà á láéláé.
Ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ lásán, tó bá kù sára irun,
tí ológbò bá fi ahọ́n lá a, kíndìnrín rẹ̀..."
Kò parí ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ó ku òdúndún. Ti ìyá mi ni."
Ó wo ilẹ̀.
"Òdúndún náà, Tíṣà. Ọkàn ni ìyẹn ń mú."

Òdúndún!
Ewé tí a fi ń tu orí, tí a fi ń tu ilé,
tí ìyá mi gún fún mi lọ́dún tí ibà fẹ́ gbé mi lọ.
Ta ni ì bá sọ fún mi
pé ohun tó tutù ní àtẹ́lẹwọ́ mi
iná ni láyà ẹran kékeré?

Ìyá mi ò fẹ́ràn ológbò.
Ó ní ẹran tí a pè tí ó gbọ́, tí kò dáhùn,
ẹ má fi owó há a lọ́wọ́.
Èmi náà ò ra Pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ àdúrà ogójì ìyá mi
ló tẹ̀lé òórùn ẹja wọlé, tí kò jáde mọ́.

Mo gbé òdúndún lọ fún Káfáyátù ará ẹ̀yìnkùlé,
tí kò sin nǹkan kan ju ariwo lọ.
Mo máa ń lọ bomi rin ín ní Jímọ̀-Jímọ̀,
mo máa ń kí i bí ẹni kí ìyá.

Bàbá Sẹmíù, olóòdòdó ọ̀nà Ìtóìkín,
bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́.
"Èyí tí ológbò lè jẹ."
Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sínú ajílẹ̀.
Ọ̀pẹ kékeré kan ni mo rà,
mo tún bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣí ewé tó dà bí ìyẹ́
tó hù lára igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ìyẹn, kò gba kọ́bọ̀.

Rinrin ni mo fẹ́ràn jù.
Kò sẹ́ni tó ń tà á. Ìdí táǹkì omi ló hù sí,
ó ń dán, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.
Òun àti òdúndún, ẹnu kan làgbà fi ń pè wọ́n,
àṣé ọ̀kan ṣoṣo ló lè bá ológbò gbé.

Mo gbin jéró sínú agolo mílíìkì, fún jíjẹ.
Pẹ̀lẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó sùn.

Nígbà tó jí,
ìgbálẹ̀ ló ń jẹ.
Mo sáré yẹ̀ ẹ́ wò.
Ọ̀pẹ náà ni.