Patanmọ́ Létí Ojú Irin

Ní Khulna, ọmọge onítìjú ni wọ́n ń pè é.
Èmi mọ̀ ọ́n láti kékeré:
a fọwọ́ kàn án, ó pa ara rẹ̀ dé
bí ẹni tó gbúròó olówó-èlé lẹ́nu ọ̀nà.

Tohura bẹ̀rẹ̀ létí ojú irin, ó ń fi ọ̀bẹ wú gbòǹgbò,
ẹ̀gún ń fa ìborùn rẹ̀,
ewé ń wó níwájú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń mu ún.
Láti òru tí ìjì ká òrùlé wọn jù sódò Rupsa,
fèrèsé kan kò gbọdọ̀ ró gbì
kí Nánì má sá sábẹ́ ibùsùn.
Á se gbòǹgbò nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti dúdú,
á mu ún, á sùn.
Ṣé egbòogi ló gbé e sùn ni,
àbí ó kàn ti rẹ̀ ẹ́?
Tohura gbé ìbéèrè yìí wá sí yunifásítì
bí ẹni gbé ẹyin sápò.

Èmi Bidhan, ọmọ atukọ̀, èmi ni mo di aago mú.
Pákó méjì dábùú ara wọn lórí òpó:
apá méjì ní ògiri,
apá méjì kò ní nǹkan kan,
òfurufú lọ́tùn-ún, òfurufú lósì.
A gbé eku funfun sí oríta. Ìṣẹ́jú márùn-ún.
Eku tí ẹ̀rù ń bà á fara mọ́ ògiri.
Eku tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á jáde wòran.

Àwọn kan mu omi lásán,
àwọn kan mu oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìróorunsùn,
àwọn yòókù mu omi gbòǹgbò, díẹ̀, tàbí púpọ̀.
Ponchanon tó ń fún wọn mu nìkan ló mọ èyí tó mu kí ni,
kò sì bá wa sọ̀rọ̀ ju ti ojú ọjọ́ lọ.

Mo ń kà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án níta. Mọ́kànlá. Òdo. Òdo.
Eku kejìdínlógún rìn dé ṣóńṣó pákó tí kò lógiri,
ó na imú sísàlẹ̀, ó ń gbóòórùn jíjìn ilẹ̀,
ó wá jókòó, ó ń nu ojú rẹ̀.
"Ó ṣì wà níta," mo ní, "ó ṣì wà níta!"
Tohura ò gbórí sókè:
"Kọ iye rẹ̀. Má tíì yọ̀."

Nígbà tí Ponchanon ṣí ìwé rẹ̀,
omi lásán ni akọni wa mu.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Tohura.
Lóòótọ́, àwọn tó mu gbòǹgbò díẹ̀
jáde ju àwọn olómi lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn.
Àwọn tó mu púpọ̀ ń tòògbé sí igun.

Ó pe Nánì lórí fóònù, ó ròyìn fún un.
Nánì dákẹ́ díẹ̀.
"Àwọn eku yín yẹn,
ṣé ìjì ti gbé ilé wọn lọ rí?"

Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà sétí ojú irin,
aago ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Mo fìka kan ewé kan. Ó pa dé.
Mo tẹ aago,
mo lóṣòó tì í, mo ń dúró kó ṣí.