Ojú-Ìwé Tí Kò Sí

Òjò ń rọ̀ ní etíkun Aberystwyth lálẹ́ ọjọ́ náà,
òjò ẹ̀gbẹ́, tí ń yọ́ wọ ọrùn kóòtù bí olè.
Mo san pọ́ùn mẹ́jọ. Mo ra gúgúrú tí n kò jẹ.
Èmi Gwenllian, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
mo jókòó ní ìlà kẹrin, mo gbé ìwé náà lé itan
bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, téèpù ni mo fi dì í.
Àbàwọ́n tíì wà ní orí kẹsàn-án,
níbi tí àwọn ará Ìlú Iyọ̀ ti pàdánù òjìji wọn.

Iná kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Háà! Ta ni wọ́n ní kí n máa pè ní Nesferch?
Nesferch atukọ̀ ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún,
ó ń bá odò sọ̀ bí ìyàwó tó ń bá ọkọ jà.
Èyí tí wọ́n gbé wá, eyín rẹ̀ funfun nini,
ìjì jà títí, irun rẹ̀ kò tú.
Wọ́n fún un lólólùfẹ́. Ta ló bẹ̀ wọ́n?
Wọ́n fi ẹyẹ ràgàjì kan kún un, ẹyẹ tí kò sí níbì kankan,
bóyá kí wọ́n lè rí bèbí ṣe tà fún àwọn ọmọdé.
Ogun tí ìwé fi ìlà kan ṣoṣo sọ,
*Wọ́n jà; ilẹ̀ ṣú; àwọn tó kù kò fẹ́ sọ̀rọ̀,*
ó gba ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo kà á.
Ìwé rán wọn níṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ jẹ́.

Mo ṣáà ń retí ibì kan.
Mo ní kí wọ́n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n ṣáà fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi:
ibi tí Nesferch ti gúnlẹ̀ lóru,
tó bọ́ bàtà rẹ̀ fún ọmọ tó ń sunkún,
tó ní, "Wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ló tóbi, ìwọ kọ́ lo kéré."
Gbólóhùn yẹn ni mo fi la ilé ẹ̀kọ́ já.
Òun ni mo ń wí sínú lọ́jọ́ tí a sin màmá wa.

Wọn kò ṣe é.
Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ rẹrẹẹrẹ. Kò sí bàtà.

Mo fi ìbínú rìn délé.
Mo pe Idwal, ẹ̀gbọ́n mi, ní Halifax, níbi tí oòrùn kò tíì wọ̀.
Òun ló ka ìwé náà fún mi nígbà tí èéyi dá mi dùbúlẹ̀,
ọmọ ọdún méje, bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú lójú fèrèsé,
ó ń fi ohùn gbogbo wọn sọ̀rọ̀, títí kan ti odò.

"Wọ́n gé ibi bàtà kúrò!"
Idwal dákẹ́. Mo gbọ́ tó ń da tíì.
"Ibi bàtà wo?"

Mo ṣí ìwé. Orí kẹsàn-án. Orí kẹwàá. Mo padà sí ìkẹjọ.
Mo wá a bí ẹni ń wá owó.
Nesferch gúnlẹ̀ lóru, òótọ́ ni.
Ó so ọkọ̀ rẹ̀. Ó sùn.
Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín àgbàlagbà tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò:
"Ò ń sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Gwen. Ẹsẹ̀ rẹ tutù bí yìnyín.
Mo ní kí n fi nǹkan díẹ̀ kún un."

Wọ́n rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

N kò tíì dárí ji fíìmù náà o, ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ẹyẹ yẹn, ẹyẹ ìyà ni.
Ṣùgbọ́n mo mú bírò, mo wá àyè létí ojú-ìwé,
mo bi Idwal léèrè àwọ̀ bàtà náà.
"Pupa," ló wí, kò tilẹ̀ ronú.
Láti ọdún yìí wá, èmi kò rí i ní pupa rí.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní:
*bàtà aláwọ̀ ewé.*