Ojú Ẹsẹ̀ Nínú Yìnyín

Òwúrọ̀ kan nínú oṣù kejì, ní Tartu,
òtútù ń gé etí bí abẹ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Maarika Tamberg kó wa jáde
kúrò nínú yàrá tí a ti ń yáná,
àwa mọ́kànlá tí a fẹ́ di agbẹjọ́rò,
tí ìwé òfin wa wúwo ju làákàyè wa lọ.

"Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ kan gbé lẹ́yìn ilé ìkàwé lálẹ́ àná.
Ẹ sọ ẹni tó jí i fún mi."

Ojú ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́,
ó fẹ̀, ó gùn,
ó lọ tààrà dé abẹ́ igi tí kò léwé.
Kaarel ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó.
"Heino ọlọ́dẹ ni. Ta ló tún ní irú bàtà yìí?"
Lójú ẹsẹ̀ la gbà. Lójú ẹsẹ̀!
Èmi gan-an ti ń ka ẹ̀sùn náà nínú ọkàn mi,
abala báyìí, ẹsẹ báyìí,
bẹ́ẹ̀ Heino wà lẹ́nu géètì, ó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín,
ó juwọ́ sí wa.

Obìnrin náà ò fèsì.
Ó tan sítóòfù kékeré, ó yọ́ imí ọjọ́ nínú agolo
títí ó fi ṣàn bí oyin,
òórùn rẹ̀ mú wa fọwọ́ bo imú.
"Ẹ fara balẹ̀. Bó bá gbóná jù, á jẹ ẹ̀rí tí à ń wá.
Bó bá tutù jù, kò ní dé kọ̀rọ̀."
Ọwọ́ Liidia ń gbọ̀n lára agolo.
A dà á.
A dúró.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yìnyín ń jẹ́rìí;
bí oòrùn bá ràn, ó domi, ó bá kòtò lọ,
kò sí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ tó lè dá a padà.

A gbé e sókè, àwọ̀ rẹ̀ bí ìyeyè.
Ó na tépù sí wa: "Ẹ wọn ìgbésẹ̀ kan sí èkejì."
Ó kúrú.
A tún un wọ̀n. Ó ṣì kúrú.
Gìgísẹ̀ nìkan ló rì, iwájú ò tẹlẹ̀ dáadáa:
ẹsẹ̀ kékeré nínú bàtà ńlá,
bí ẹ̀kùrọ́ kan ṣoṣo tó ń mì nínú agolo.

Ó ṣí àpò, ó yọ bàtà náà,
awọ rẹ̀ ti gbó, okùn rẹ̀ pupa.
"Ti ọkọ mi ni. Ọdún kẹta rèé tó ti kú.
Èmi ni mo wọ̀ ọ́ lálẹ́ àná.
Kẹ̀kẹ́ yín wà ní ọ́fíìsì mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń wọlé padà,
Heino bi mí pé kí la ń wá nínú òtútù.
Mo ní kò sí nǹkan kan.
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti dúró sí.
Bàtà rẹ̀ kéré gan-an ju bí mo ṣe rò lọ.