Ta Ló Kọ Ìlà Àkọ́kọ́?

Agogo mẹ́jọ kò tíì lù ní Muharraq,
oòrùn ti ń họ ògiri bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Tíì ni mò ń gbé kiri ní ọ́fíìsì ilé àti ilẹ̀,
ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti kúrò ní Kerala.
Mo mọ ẹni tó ń gba ṣúgà mẹ́ta,
mo mọ ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún.

Lánàá ni wọ́n kó àwọn òǹtẹ̀ lọ.
Igi ni ọwọ́ wọn, irin ni ẹnu wọn,
ẹnu tó jẹ íǹkì títí tó fi dúdú bí ètè amutábà.
Inú páálí ọsàn ni wọ́n dà wọ́n sí.
Ọ̀gbẹ́ni Shawqi nìkan ló ti ọ̀kan bọ àpò,
ó rò pé n kò rí òun.

Ìwé tuntun ti dé, wọ́n ní kì í ṣe ìwé.
Ó ń gbé inú ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà,
ti báńkì, ti kóòtù, ti èbúté,
ìlà kan so kọ́ ìkejì bí ojú ẹ̀wọ̀n;
fa ẹyọ kan, kí gbogbo wọn figbe ta.
Bulọkiṣéènì ni wọ́n ń pè é.
Ẹ̀wọ̀n.
Ọ̀rọ̀ náà há mi lẹ́nu bí eegun ẹja:
òun ló ń di ọkọ̀ mú kó má ṣáko lọ,
òun náà la fi ń de ọmọ ènìyàn.

Ìyá àgbà kan wọlé, Sabika ọmọ Ghanim,
àpò ọ̀rá láyà rẹ̀ bí ọmọ tuntun.
Yàrá méjì, igi déètì kan: ilé bàbá rẹ̀
ló fẹ́ kó di orúkọ òun.
Wadha rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i:
"Ìyá, ẹ tẹ ìka yín síbí.
Tó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn.
Mínísítà gan-an kò lè pa á rẹ́."

Ìyá fọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn.
"Òmùwẹ̀ péálì ni Jumaan, bàbá bàbá mi.
Òkúta lẹ́sẹ̀, ìwo tí wọ́n fi há imú,
èémí kan ṣoṣo ló fi ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ òkun.
Ọ̀gá ọkọ̀ ní ìwé kan.
Ìrẹsì, ó kọ ọ́. Kọfí, ó kọ ọ́.
Jumaan kò mọ álífù, ó ṣáà tẹ ìka.
Irínwó rúpìì ló jẹ lọ́jọ́ tí omi gbé e.
Gbèsè náà kò bá a rì.
Ó léfòó, ó mọ̀nà ilé wa,
ó wá jókòó sórí ẹní bàbá mi.
Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi wọ òkun
nítorí ìlà tí ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́.
Ọmọ mi, ta ló kọ ìlà àkọ́kọ́?"

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a.
Ṣùgbọ́n irọ́ tó kọ́lé lójú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́rìí,
tí gbogbo wọn sì bá a tilẹ̀kùn,
fèrèsé wo lòótọ́ fẹ́ gbà wọlé?

Wadha yí ojú kọ̀ǹpútà sí i,
ó ń kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.
Ghannam ni wọ́n kọ dípò Ghanim.
Álífù kan ló ṣìnà.
Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe.
Ìyá ní kó tún un kà. Ó tún un kà.
Nígbà náà ló tẹ ìka.

Mo lọ kó ife. Kò fẹnu kan tíì rẹ̀.
Orúkọ tèmi náà wà nínú ẹ̀wọ̀n ọ̀hún,
owó oṣù mi, ọjọ́ tí mo dé, gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.
Ẹnìkan ò kà á sí mi létí rí.
Mo gbé àwo kalẹ̀.
"Wadha, jọ̀ọ́,
ka tèmi."