Orí Tí Mo Gẹ Dé Ìdajì

Ọjọ́ tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ mi,
orí Tìjání ọkọ ìyàwó ni mo ń gẹ lọ́wọ́.
Apá ọ̀tún ń dán bí ìdí àwo tánganran,
apá òsì ṣú bí oko tí a kò tíì ro.
Ó fi fìlà bo ìtìjú: "Láyíwọlá, Ọlọ́run á bi ọ́."
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo sáré gba Tákíé lọ.
Àwọn elépo ti yí nọ́ńbà padà láàárọ̀ ọjọ́ náà;
owó gálọ́ọ̀nù kan àná
kò ra ju ohun tí a lè fi ṣan ọwọ́ lọ.
Wọ́n ní ìjọba ló yọ ọwọ́ kúrò lórí epo.
Ọwọ́ yọ l'Ábùjá;
ní Ìsàlẹ̀-Ọrà, orí ọmọ ènìyàn ṣẹ́kù ní ìdajì.

Iná ìjọba ńkọ́?
Wọ́n pín àdúgbò sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé.
Àwa wà ní ọ̀wọ́ tó ń rí iná bí ẹni ń rí àlejò.

Bàbá Ọyádìran, ará ilé kejì mi,
kò kí mi láti ọdún tí mo ti ra jẹnẹrétọ̀ náà.
Èéfín a gba ojú fèrèsé wọlé bá a lórí ẹní,
á wúkọ́, á fi ọ̀pá lu ògiri,
èmi náà á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn.
Ọdún mẹ́fà.
Òórùn epo nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa.

Ajíbíkẹ́ gbé àkàbà dé,
ọmọdébìnrin tó kọ́ṣẹ́ iná ní yunifásítì níhìn-ín,
ó so tẹ́sítà mọ́ ìdí bí ọdẹ ti ń so àdó.
Ó gun òrùlé mi, ó wòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.
"Pánẹ́ẹ̀lì méjì tó yín, Bàbá. Bátìrì kan, ínfátà kan.
Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ á san án,
ẹ ó máa dá a padà fún oṣù méjìdínlógún.
Ṣùgbọ́n igi yìí,
láti aago mọ́kànlá ló ti ń gba oòrùn lọ́wọ́ yín.
Ẹ gé e."

Máńgòrò tí ìyá mi gbìn
lọ́dún tí ó já mi lẹ́nu ọmú!
Mo ní: ọmọ mi, ẹ ní ká fi èéfín sílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́,
igi tó ń fọ afẹ́fẹ́ náà ni kí n wá fi àáké kí?
Ó dákẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ rú ewé gbígbẹ.
Ó ní wọn ò kọ́ òun ní ìyẹn.

Òrùlé Ọyádìran ló wà ní gbangba.
Páànù rẹ̀ ti dípẹtà,
oòrùn ń sùn síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sanwó ilé.
Òru méjì ni mo fi rò ó.
Ní ọjọ́ kẹta mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Ó wò mí títí.
"Ṣé ohun náà máa ń ké?"
Rárá, Bàbá.
"Ṣé ó máa ń rùn?"
Rárá.
"Fa gílóòbù kan wọ yàrá mi. Àti fáànù."

Wáyà gba orí ògiri tó ti ń lu ní ọ̀pá kọjá.
Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀,
àmì orí rẹ̀ la tún fà:
òórùn di oòrùn.

Mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ òjò, pánẹ́ẹ̀lì a máa ṣọ̀lẹ,
mo ń fi sísọ́ọ̀sì parí orí.
Bátìrì náà yóò kú lọ́jọ́ kan;
mo bi Ajíbíkẹ́ níbi tí wọ́n ń sin irú wọn sí,
kò tíì fèsì.
Adìyẹ ti yé ẹyin mẹ́rin sórí jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ máńgòrò.

Lánàá, Tìjání gbé àkọ́bí rẹ̀ wá.
Ó gbé e jókòó, ó di fìlà ọmọ náà mú ṣinṣin,
ó ní kí n kọ́kọ́ fi han òun
bí bátìrì ṣe kún tó.