Àpótí Kan fún Lẹ́tà Méjì

Ní Blaenau, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí àlejò tí kò mọ̀gbà tí ilẹ̀ ń ṣú,
tí òkìtì òkúta pẹlẹbẹ ń yọjú lẹ́yìn gbogbo fèrèsé,
Heulwen Prydderch jókòó ti tíì tó ti tutù,
ó ń fi rúlà fa àpótí kéékèèké,
dúdú, funfun, funfun, dúdú,
fún ìwé ìròyìn àdúgbò tó ń jáde lóṣooṣù.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ta ọ̀rọ̀ ní kókó
kí ẹlòmíràn lè tú u.

Níbùú àkọ́kọ́:
oòrùn ni mí; ẹ yọ lẹ́tà kan, ẹ fi òmíràn dí i,
mo di ohun tí ọba kò lè fi ta yín lọ́rẹ.
Haul ni oòrùn. Hawl ni ẹ̀tọ́.

Lóòró kẹta:
ẹyẹ tí ilẹ̀kùn àgò rẹ̀ ṣí. Àpótí mẹ́ta.
Rhydd.
Àjèjì á ka lẹ́tà márùn-ún,
á ní ìyá àgbà yìí ò mọ ìṣirò.
Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni rh lẹ́nu wọn, ọ̀kan ni dd,
bí gb ṣe jẹ́ ọ̀kan lẹ́nu tiwa.
Ta ní í ya g kúrò lára b kó tó pe ìgbín?

Kọ̀ǹpútà tuntun dé.
Iolo tó ń to ìwé náà gbé bébà wá, omi ń kán lára kóòtù rẹ̀:
“Ẹ̀rọ yìí ò gbà, Heulwen. Lẹ́tà kan, àpótí kan.
Ẹ jẹ́ ká là wọ́n sí méjì.”

Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún nù ún.
Ìyá ìyá rẹ̀ bèèrè omi rí níléèwé, ní èdè ilé,
wọ́n gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn.
Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fín sí i.
Títí ó fi kú, kì í wọ ẹ̀gbà.

“Èmi ti kọ́ èdè tiwọn,” ni Heulwen wí.
“Kí ẹ̀rọ náà wá kọ́ tèmi.”

(Èmi náà ta kókó kan, ní èdè tiwa:
à ń ṣe é fọ́mọ kó lè dènìyàn,
à ń ṣe é sọ́bẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá iyọ̀ jinná,
ọ̀nà tí kò wọ́ ń ṣe é.
Ẹ fi ẹ̀ dé e ní fìlà,
kí ẹ wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.)

Iolo ò sùn bọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ náà.
Sísọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù, ìkọ̀wé dúdú:
ọwọ́ ló fi lẹ àpótí náà mọ́ ojú ìwé.
Ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Òun ló tọ́ jù.

Nílé ẹlẹ́ran, Emrys Tudwal na ìka sí òòró kẹsàn-án:
“Èyí ò bá èyí mu!”
Heulwen wò ó títí.
Òótọ́ ni, ó ṣì í kọ.
Ó ra sọ́séèjì mẹ́rin, ó ní
àṣìṣe náà tọ́ sí òun.